Ẹ̀jẹ̀ Àfẹ́sọ́nà Àǹtí Mi

Iṣẹ́ ìyanu tí èmi fúnra mi kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún dé, ẹ̀rù ló sì bà mí. Mi ò tí ì rí ẹni tó dìde jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́ níbí, bó ṣe rí gan-an, láìfi iyọ̀ kún un.

Ọdún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì níbí ní Àbújá ni. Iṣẹ́ láàbù ni mo kọ́, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Mi ò kọ́ṣẹ́ dókítà o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn ní àdúgbò wa ní Jikwoyi? Dókítà ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á sì máa yanu lójú ọ̀nà pé kí n bá wọn wo ọ̀nà ọ̀fun. Opó ni màmá wa, ọmọ Okun láti Kogí, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Àwa méjì ló kù fún un: èmi àti Àǹtí mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Mo ní "ló kù" nítorí pé ẹnì kan wà láàárín wa rí. Ọkùnrin ni. Kí wọ́n tó bí mi ló ti lọ. Àwọn ará abúlé ní àbíkú ni. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kan nílé wa. Bí mo bá bèèrè rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, Màmá á ní, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ," á sì rán mi níṣẹ́ lọ sí ìta.

Inú kíláàsì ni mo ti wá gbọ́ ohun tó ṣe é. Olùkọ́ wa ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àwọn baba wa ń pè ní àbíkú, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS ni wọ́n, àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá jẹ́ AS, ewu náà wà nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní. Gbogbo wa kọ ọ́ sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ní félóṣíìpù, arákùnrin tó ń darí àdúrà ní ká lé ẹ̀mí àbíkú jáde kúrò ní ìdílé wa. Àwa náà la dìde, àwa tí yíǹkì ò tí ì gbẹ nínú ìwé wa, a sì ké àmín títí òrùlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Èmi náà ké e. Ẹnì kankan ò bi mí bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe gba inú orí kan, èmi náà ò sì bi ara mi.

Ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà Àǹtí mi ló fipá bi mí. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ yẹn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, sólà ló ń bá àwọn èèyàn gbé sórí òrùlé. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ló máa ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kì í dún. Bọ̀dá ni mò ń pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í so tọkọtaya pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù. Nígbà tí wọ́n ṣe é, AS ni Àǹtí mi, AS ni Bọ̀dá. Pásítọ̀ ní òun kò lè fi ọwọ́ ara òun so wọ́n pọ̀. Àǹtí mi jókòó sílé fún ọjọ́ púpọ̀, kò sunkún, kò jẹun dáadáa, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ tó máa ń bá wọn tún rán ló gbé sórí itan tó ń tú ìránṣọ rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run yí ẹ̀jẹ̀ Bọ̀dá padà. Mo bá wọn gbà á. Ẹ má bi mí léèrè. Mo mọ̀ pé ohun tí a bá bí mọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í yí. Mo tún mọ ẹni tí mò ń bẹ̀. Àǹtí tó pọ̀n mí dàgbà ló ń gbẹ bí ewé lójú mi yìí, kí ni kí n máa wò? Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ tọkàntọkàn, lẹ́yìn náà mo padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ ṣe ìdánwò.

Ìgbà tí mo parí ìdánwò tí mo padà wálé, ijó ni mo bá nínú pálọ̀. Wọ́n ti tún ẹ̀jẹ̀ Bọ̀dá yẹ̀ wò ní láàbù kan ní ọ̀nà Nyanya, wọ́n sì fún un ní AA, Pásítọ̀ sì ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Màmá ń fi ìdí jó lọ sí kíṣìnnì, ó ń fi ìdí jó bọ̀. Wọ́n ní Bọ̀dá ní jàǹbá ọkọ̀ díẹ̀ lọ́nà Lọ́kọ́ja nígbà tí mò ń kàwé, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ nínú ẹ̀. "Orúnkún ló kàn fi gbo ilẹ̀," ni Màmá wí. Àwa náà la mọ ara wa: a kì í sọ ohun tó burú fún ọmọ tó wà lẹ́nu ìdánwò. Ilé lè máa jó, wọ́n á ní gbogbo wa wà dáadáa, ṣáà máa kàwé ẹ. Tí ìdánwò bá sì parí, wọ́n á ti gbàgbé pé wọn ò tí ì sọ ọ́.

Àǹtí mi ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní láàbù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Jabi. Kò ní iyèméjì kankan o. Ó fẹ́ kí ọwọ́ mi náà wà nínú iṣẹ́ ìyanu yẹn ni. Bọ̀dá ti fẹ́ wọ Kaduna lọ síṣẹ́, nítorí náà Àǹtí mi ló ní kí nọ́ọ̀sì kan fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó lọ, ó sì gbé e wá fún mi nínú kúlà kékeré, bí ẹni gbé ẹja tútù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. A ó kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, a ó tẹ́ ẹ sínú omi oògùn, a ó sì tan iná mànàmáná sí i. Ẹ̀jẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èmi fi ojú mi rí i láìmọye ìgbà, síbẹ̀ mi ò tí ì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn àtimáa dá wò ó. Èyí tó jẹ́ A máa ń yára, ó máa ń lọ dúró níwájú. Èyí tó jẹ́ S máa ń wọ́sẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní méjèèjì, ìlà méjì ni wàá rí.

Ọ̀sán gangan ni, ọyẹ́ mú, eruku ti bo Jabi débi pé oòrùn funfun bí oṣù. Èmi nìkan ló wà nínú yàrá. Mo pa iná, mo gbé bébà náà sókè. Ìlà kan dúró gírígírí níbi tí A ń dúró sí. Mo fẹ́ kígbe ayọ̀. Mo wá rí i pé lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó yẹ kí S wà, òjìji kan wà. Kì í ṣe ìlà. Ó dà bí ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ pa rẹ́ tí kò parẹ́ tán. Mo tún un ṣe pẹ̀lú bébà tuntun. Òjìji náà tún jókòó síbẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ igbe ọmọ kékeré ní yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, igbe ọmọ tí nǹkan ń dùn wọra. Mo ṣílẹ̀kùn. Àga ló wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kankan lórí wọn. Mo ti ilẹ̀kùn náà padà.

Ọ̀gá wa, Alhaja kan láti apá Kàbà, dé láti ibi ìrun, mo sì fi bébà náà hàn án. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó sì wò ó pẹ́.

"Kai," ó ní. "Èyí ò dùn mọ́ mi nínú. Má kọ nǹkan kan jáde. Jẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ wá fúnra rẹ̀, mo ní ìbéèrè fún un."

Mo sọ fún Àǹtí mi pé kò tí ì dá wa lójú, pé kí Bọ̀dá yọjú. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ń gé ilá lọ́wọ́. "Ìwé ti pọ̀ lórí ẹ, Dókítà," ó ní. "Èmi ti rí ọmọ náà." Ó wá rọ́ àlá kan fún mi: ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tó yíjú padà, ó na ọwọ́ sí i pé kó gbé òun. "Ọwọ́ ẹ̀ sanra, ó wú rọ̀gbọ̀dọ̀ bí búrẹ́dì! Ọmọ tó jẹun kánú ni. Mo fẹ́ gbé e, mo bá jí."

Ọ̀bẹ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé ilá, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wíwú ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa láti máa wò lára ọmọ jòjòló tó bá jẹ́ SS. Ohun náà máa ń yọ kí ọmọ tó mọ̀rọ̀ sọ. Àǹtí mi kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ ọ́ fún un rí. Mo ní mo fẹ́ lọ da omi nù, mo lọ dúró lẹ́yìn ilé títí ara mi fi balẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá dìde láti jẹ́rìí. Ó ti ti Kaduna dé. Ó ní ẹ̀rí méjì lòun fẹ́ jẹ́ pọ̀. Àkọ́kọ́, ó ní tírélà ló kọlu ọkọ̀ àwọn lọ́nà Lọ́kọ́ja, gíláàsì gé òun ní itan, ẹ̀jẹ̀ òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà tán sórí ọ̀dà. "Wọ́n gbé àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ fún mi, ó tán. Wọ́n gbé òmíràn kọ́, ó tán. Mi ò mọ iye tí wọ́n gbé kọ́. Àwọn dókítà ti ń mi orí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run wa kì í mi orí!" Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Ẹ̀kejì, ó ní Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí òun sí ò fi mọ níbẹ̀, ó yí ẹ̀jẹ̀ òun padà. Wọ́n tún hó. Àǹtí mi ti wà lórí ìdúró, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi jókòó síbi tí mo wà, mo ń ka àwọn àpò ẹ̀jẹ̀ tó dárúkọ.

Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni mo yẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí èmi ò mọ̀, tí òun náà ò sì mọ̀, ló ń rìn kiri nínú rẹ̀ bó ṣe dúró tó ń dúpẹ́ yẹn. Ìlà tó dúró gírígírí yẹn, tiwọn ni. Òjìji ẹ̀yìn yẹn ni Bọ̀dá.

Nígbà tí a délé, Bọ̀dá bá wa jẹun, ó sì lọ. Mo wá ní kí Màmá àti Àǹtí mi jókòó. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí ènìyàn lára máa ń kú díẹ̀díẹ̀, pé ó máa ń tó oṣù mẹ́rin kó tó tán, pé ìgbà yẹn nìkan la lè mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ Bọ̀dá fúnra rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó kò tó oṣù kan mọ́.

"Ṣé Ọlọ́run ò lè lo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ni?" ni Àǹtí mi bi mí.

"Ó lè lò ó. Ó ti fi dá ẹ̀mí Bọ̀dá sí. Ṣùgbọ́n kò ní bá wọn gbé, Àǹtí. Àlejò ni."

"Ìwọ ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Màmá náà bọ́ sí i, ó ní ìwé tí òun fi owó òun rán mi kà ló fẹ́ wá ba ayọ̀ òun jẹ́, ó ní kí n gbẹ́nu mi sọ́hùn-ún. Inú bí mi. Mo ní, "Ó dáa, ẹ pa ìwé tì. Àǹtí, ẹ rọ́ àlá yín fún Màmá."

Àǹtí mi rọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, bó ṣe rọ́ ọ fún mi. Nígbà tó dé ibi ọwọ́, Màmá gbójú sókè.

"Ọwọ́ méjèèjì?"

"Ọwọ́ méjèèjì, Màmá."

"Àti ẹsẹ̀?"

Àǹtí mi yíjú sí mi. Kò sọ ti ẹsẹ̀ fún mi rí. "Àti ẹsẹ̀," ó ní. "Ta ló sọ fún yín?"

 Màmá sọ̀kalẹ̀ láti orí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.  Ó ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìyẹn. Ó ní òun rò pé kòkòrò ló jẹ ọmọ náà lọ́wọ́, òun fi òrí pa á, ó ń ké, òun ń fi òrí pa á. Àǹtí mi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Òun ni wọ́n ní kó máa bá wọn fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ ọmọ náà. Kò rántí rẹ̀ rárá. Ó búra fún wa pé òun ò rántí.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni Màmá wí. "Ẹ dúró. Oṣù mẹ́rin tó ní yẹn, ẹ dúró dè é."

Títí dòní, mi ò mọ ohun tí àlá yẹn jẹ́. Ìwé mi sọ fún mi pé ohun tí ọmọdé bá fi ojú rí lè sùn sí inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbàgbọ́ mi sọ fún mi pé Ọlọ́run ló mọ ẹni tó yẹ kó jí i. Ìgbà mìíràn mo máa ń rò pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ìgbà mìíràn, tí mo bá rántí bí Màmá ṣe bèèrè ẹsẹ̀ yẹn, méjèèjì kì í tó mi.

Pásítọ̀ gbà láti sún ìgbéyàwó síwájú. Ó ní iṣẹ́ ìyanu kì í bẹ̀rù àyẹ̀wò, mo sì bọ̀wọ̀ fún un jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bọ̀dá náà gbà, kò jà. Àwọn oṣù yẹn ló le fún mi jù. Ó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, mo sì máa ń wò ó bó ṣe ń gbé ìrẹsì sẹ́nu. Mo mọ̀ pé nínú rẹ̀ níbẹ̀, àwọn àlejò ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sì ń padà wá jókòó sí àyè wọn. Kò dùn ún. Kò mọ̀ ọ́n lára. Á ní kí n bá òun mú omi, èjìká rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn mi ò lè jókòó sí tábìlì yẹn mọ́, màá ní orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ tí àkókò pé, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ Jabi ń rùn bí ìkòkò tuntun. Àwọn méjèèjì ló wá. Alhaja fúnra rẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ Bọ̀dá, ó bi í ní gbogbo ìbéèrè tó fẹ́ bi í, ó ní, "Yauwa, ẹ lọ jókòó." Bọ̀dá jókòó sí ìta. Àǹtí mi kọ̀, ó tẹ̀ lé mi wọ inú yàrá. Mo kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà. Mo fẹ́ tan iná, Àǹtí mi di ọwọ́ mi mú.

"Gbàdúrà sí i kó o tó tàn án," ó ní.

Alhaja kúrò nídìí tábìlì díẹ̀, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, òun náà ń bá tirẹ̀ lọ. Mo di ojú. Mo mọ àdúrà tí Àǹtí mi ń retí. Mo wá a nínú ara mi, mi ò rí i. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò ju pé, "Bàbá, jẹ́ kí n rí ohun tó wà níbẹ̀." Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Àǹtí mi ṣe àmín. Mo tan iná, ẹ̀jẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Nígbà tí mo gbé bébà sókè, kò sí òjìji kankan mọ́. Ìlà méjì ni. Ọ̀kan dúró níwájú, èkejì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pupa, ó nípọn, ó mọ́lẹ̀ kedere. Mi ò nílò láti ṣàlàyé. Àǹtí mi ti wò ó tán kí n tó yíjú sí i.

Kò kígbe. Ó wò mí lójú pẹ́, bí ẹni tó ń wá mi tì.

"Kí lo sọ nínú àdúrà yẹn?"

"Mo ní kí n rí ohun tó wà níbẹ̀."

"Tìẹ ni Ọlọ́run gbọ́ nígbà náà," ó ní.

Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì jáde lọ bá Bọ̀dá.